Rọ́bà Tí Mo Sá Sínú Èéfín Ọyẹ́

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ni mo di ẹni tó ń sá rọ́bà. Surulere ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Olùkọ́ mi nínú kẹ́místírì ló rán mi níṣẹ́ náà. Ó ní èéfín iná igbó tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Òkè Ọya kò tíì parí nígbà tó kúrò lórí iná. Oòrùn ṣì máa ń sè é lójú ọ̀nà, gáàsì tuntun kan tí wọ́n ń pè ní osóònù á sì jáde nínú rẹ̀. A ò ní ẹ̀rọ tí a lè fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n gáàsì yìí máa ń mú kí rọ́bà tí a bá nà sán.

Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo nà án, mo kàn án mọ́ pátákó, mo gbé e kọ́ irin faràńdà. Bàbá onílé gbójú sókè láti ìsàlẹ̀.

"Kí lò ń sá yẹn?"

"Rọ́bà ni, sà."

"Ṣé ó tutù ni?"

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣàlàyé. Ó tún gbójú sókè wo rọ́bà náà.

"Èéfín ti oko wá, oòrùn wá yí ìwà ẹ̀ padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí àbúrò mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe ṣe nìyẹn."

Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ mi yẹ rọ́bà náà wò. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀ ló jẹ rọ́bà. Ó ní kí n máa so ọ̀kan kọ́ ní ìdájí kí oòrùn tó yọ, kí n so èkejì kọ́ lọ́sàn-án fún wákàtí kan náà, kí n sì ṣíji bo méjèèjì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di agbòòrùn mú lé rọ́bà lórí lọ́sàn-án gangan nìyẹn, tí oòrùn ń pa èmi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá onílé tẹ̀ ba láti kí àwọn àna rẹ̀, rọ́bà ìdí ṣòkòtò rẹ̀ bá já. Ó fọwọ́ gbá a mú, ó kí wọn tán, ó sìn wọ́n sọ́nà, ó wá gòkè wá bá mi.

"Gáàsì ẹ ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù mi."

Ṣòkòtò yẹn ti gbó kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ kẹ́místírì, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó fa rọ́bà rẹ̀ yọ, ó ní kí n kàn án mọ́ pátákó, kóun náà ní ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń gba agbòòrùn dì mú lọ́wọ́ ara wa.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, rọ́bà ọ̀sán ti sán bíi gìgísẹ̀ tí kò rí òrí fi pa. Ti ìdájí kò sán tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà ṣòkòtò kò lè jẹ́rìí kankan, nítorí ó ti kú kó tó dé ilé ẹjọ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ fi jáde. Olùkọ́ mi fi bírò pupa yí i ká, ó kọ "Ta ló ni èyí?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n yege.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ojú ọ̀run mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá bàbá onílé lórí àga ní faràńdà, agbòòrùn wà ní kíká lórí itan rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kí ló dé. Ó ní ọ̀sán ti gùn jù.