Ọ́ìlì Tó Ń Jò Sórí Símẹ́ǹtì Alájì

Ní ago kan ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni Alájì onílé wa yọ̀ ṣubú ní ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ ìró kẹ́tù oníke wọn kí n tó gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí mo fi máa jáde, wọ́n ti dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, wọ́n ń fi èkejì tọ́ka sí síkútà bàbá mi.

"Ọ́ìlì yín fẹ́ pa mí." Ọmọ Ìlọrin ni Alájì, bí inú bá ṣe ń bí wọn tó ni ohùn wọn ṣe máa ń rẹlẹ̀ tó. "Mo ti ń wo ojú bàbá yín tipẹ́. Ó di Jímọ̀. Tí símẹ́ǹtì mi ò bá gbẹ, màá pe àwọn oníbọ́lá kí wọ́n wá gbé e lọ bí irin pàǹtí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Mo ti sọ tèmi."

Síkútà yìí ni bàbá mi máa ń gùn láti Jikwoyi lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní Karshi kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dé. Ní báyìí wọ́n wà nílùú wa ní Kogi, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn fi òróró wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún wa bóyá wọ́n á tún lè gun ohunkóhun. Mọ́mì kò sì béèrè. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí Dádì bá dé, wọ́n á bá síkútà wọn níbi tí wọ́n fi í sí. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Alájì, Mọ́mì wọlé, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì tíì ríṣẹ́. Mo ní àkókò láti wá ìdí ohun tó ń jò. Irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú pẹtiróòlù gan-an ni à ń da ọ́ìlì sí, tí àwọn méjèèjì á jọ gba inú kábúrétọ̀ kọjá wọ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, ohun tó ń jò kì í ṣe ọ́ìlì nìkan. Ooru ló ń fa pẹtiróòlù lọ, tí ọ́ìlì ń ṣẹ́kù. Ohun tí a ń rí nílẹ̀ kéré sí ohun tó jò.

Mo lọ bá mẹkáníìkì kan ní oríta wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ni," ó wí kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

"O ò tíì rí i."

"Ṣé ìwọ máa ń rí ibà kí o tó mọ̀ pé ibà ń ṣe ọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n, ra gásíkẹ́ẹ̀tì."

Mo rà á, bébà líle tó máa ń dí àárín irin méjì kí epo má jò, mo pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, símẹ́ǹtì tún ń yọ̀. Mẹkáníìkì ní á jẹ́ pé abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ni. Ike kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń léfòó bí epo bá ti tó, òun ló máa ń ti abẹ́rẹ́ náà sókè láti dí ojú ihò. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú, mo sì tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, páálí ti dúdú.

Ohun tó rú mi lójú ni pé mo jókòó tì í láti ọ̀sán ọjọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́, n kò rí ẹ̀kán kan. Ohun tó bá ya kì í yan àsìkò tí yóò jò. Ohun mìíràn tún wà. Mo mọ̀ dájú pé mo ti tápù epo abẹ́ tánkì pa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, ṣíṣí ni mo bá a.

Mo tún tì í. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé.

Mọ́mì ló jáde, tí wọ́n ń lọ sí àdúrà àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé Bíbélì sórí ìjókòó síkútà, wọ́n rò ó, wọ́n sì gbé e kúrò. Wọ́n ṣí tápù. Wọ́n di ọwọ́ síkútà mú, wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn, wọ́n dúró, wọ́n gbé e nàró, wọ́n wá fi etí ìró nu ìjókòó rẹ̀. Mo mọ ìṣe yẹn. Bí Dádì ṣe máa ń ṣe é nìyẹn bí epo bá lọ sílẹ̀ nínú tánkì, kí ó lè wọ kábúrétọ̀. Ṣùgbọ́n Dádì a máa fẹsẹ̀ ta á kó jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á gùn ún lọ, ẹ́ńjìnnì á sì jó epo náà. Mọ́mì kò ta á.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń da síkútà sẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Ta ni ìbá máa dà á? Ṣé ìwọ tí oòrùn ń jí?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé o bi mí ni? Mẹkáníìkì lo bi. Dádì rẹ ní kí n má jẹ́ kí epo inú rẹ̀ gbẹ. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń béèrè rẹ̀ lórí fóònù."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí a bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ike yẹn kò ní lè ti abẹ́rẹ́ mọ́, epo á kún, á sì tú jáde sórí símẹ́ǹtì.

"Tó bá wá gbẹ ńkọ́?"

"Kó gbẹ sàn. A lè fọ̀ ọ́ bí Dádì bá dé."

"Bí wọ́n bá dé." Wọ́n wò mí. N kò mọ ohun tí wọ́n rí lójú mi. "Ìwọ kọ́ lo ni ín. Pe ẹni tó ni ín."

Mo pe Dádì, mo ṣí ohùn fóònù síta. Mo ro gbogbo ohun tí mo rí fún wọn.

"Lójoojúmọ́?" ni wọ́n wí.

"Lójoojúmọ́ ni," ni Mọ́mì dáhùn, bí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ tó ṣe láṣepé.

Dádì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. "Màmá, ìgbà tí mo ń gùn ún ni ìyẹn. Ti tápù pa. Jẹ́ kó gbẹ. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni màá dà á."

"Nígbà wo?" ni Mọ́mì béèrè.

Dádì ní kí n bá àwọn kí Alájì.

Mọ́mì ló ti tápù náà. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, wọ́n padà wá tún un tẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ símẹ́ǹtì, mo tẹ́ páálí tuntun.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, Alájì gbé kẹ́tù wọn dé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ náà lọ, ra á bọ̀.

"Yauwa, ó ti dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó. "Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, sà."

Bóyá bàbá mi á tún gun síkútà yìí, n kò ní ẹ̀rí fún bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní fún bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò tíì fojú rí ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé báyìí. Nígbà tí Alájì lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo fa páálí jáde lábẹ́ kábúrétọ̀, mo fọwọ́ pa á, mo gbé e sí imú. Ó gbẹ.