Ooru Kọ̀ǹpútà Mọ́mì

Òórùn eruku gbígbóná láti inú kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì wa ní Mọ́kọ́lá gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Bódìjà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mọ́mì mi, tó máa ń ya àwòrán ilé, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn tó ti gbó sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe ṣètò rẹ̀ lọ, kó lè gbé àwòrán ńlá kan tí wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n fi díẹ̀ kún iná tó ń wọ ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ní kí n máa ka nọ́ńbà ooru lójú rẹ̀.

“Tó bá ti dé àádọ́rùn-ún, pariwo!”

“Ó ti dé e, Mọ́mì!”

Wọ́n pa á kíá. Mo rò pé ó parí. Àmọ́ wọ́n dín iná náà kù, wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, wọ́n gbé fáànù pálọ̀ kọjú sí i, wọ́n sì tún tàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà, àwòrán yẹn ni wọ́n sì fi rí iṣẹ́ mìíràn.

Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà dúró sí àádọ́rin.

“Ẹ tún fi kún un, Mọ́mì!”

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú wọn. “Rárá. Eléyìí ti tó láti fi parí iṣẹ́.”

Wọ́n fa àga mọ́ tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.