Ọmọ Keziah Lọ́wọ́ Norah

Aṣọ ìtẹ́sùn kan ṣoṣo ni Keziah Tranter jí o! Wọ́n sá a sórí igi ọgbà, òtútù sì ń pa ọmọ rẹ̀. Adájọ́ ò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní kí wọ́n gbé e sọdá òkun wá ṣẹ̀wọ̀n ní erékùṣù wa yìí fún ọdún méje. Nítorí aṣọ tó ti gbó! Inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Ó gbé ọmọ náà, Tamsin, dání wọ ẹ̀wọ̀n. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni, ọmú ló sì ń mu. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, ọmọ tó bá ń mu ọmú kì í gba búrẹ́dì. Ìyá ni kó máa bọ́ ọ. Kí ni Keziah fẹ́ fi bọ́ ọ, nígbà tí ebi ti mú kí ọmú òun alára gbẹ? Ló bá ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe fún òun náà. Ó bẹ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ẹ̀wọ̀n kó já ewé kíkorò wá, ó gún un, ó fi pa orí ọmú. Tamsin fẹnu kàn án, ó tutọ́, ó bú sẹ́kún. Kò pẹ́ tí kò fi fẹ́ rí ọmú sójú mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní búrẹ́dì tirẹ̀, inú Keziah sì dùn.

Àfìgbà tí wọ́n kó wọn dé etí ọkọ̀ ló tó gbọ́ òfin. Ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú nìkan ló lè bá ìyá rẹ̀ wọkọ̀. Èyí tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú, ilé àwọn òtòṣì ló ń lọ, ọmọdé tó ń ti ibẹ̀ jáde láàyè ò sì pọ̀.

Keziah sá wọ kọ̀rọ̀, ó fi omi fọ ọmú rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Tamsin mi, jọ̀ọ́. Mu díẹ̀ fún Màmá."

"Korò!"

"Kò korò mọ́! Mo ti fọ̀ ọ́!"

Ọmọ ń kígbe, ìyá ń kígbe. Norah Quill, ọmọ Ireland tó jí adìyẹ, ló wà lẹ́yìn wọn. Ellen ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sẹ́wọ̀n ni, àwọn ọlọ́kọ̀ ò tíì gbọ́, wàrà sì ń jò sí i láṣọ.

"Keziah, pa ẹnu mọ́ kó o gbé e wá. Tèmi ò korò. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè mu ún, Ellen lorúkọ ẹ̀, èmi sì ni ìyá ẹ̀."

"Norah, ọmọ mi ni!"

"Ta ló ní kì í ṣe ọmọ ẹ? Àbí kí wọ́n gbé e lọ? Sọ̀rọ̀, dókítà ọkọ̀ tó ń yẹ àwọn ọmọ wò ló ń bọ̀ yẹn!"

Keziah gbé ọmọ fún un. Tamsin gbóòórùn wàrà, ó wo Keziah, ó gbé ẹnu sí i.

"Ọmọ yìí mà lè mu o," dókítà wí. Ó yíjú sí Keziah. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò lọ́mọ, sà."

Lórí omi, ẹ̀rù ò jẹ́ kí Keziah sinmi. Àwọn kan wà nínú àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n náà tó lè torí tábà díẹ̀ tà wọ́n fún dókítà. Tí Tamsin bá ti pè é ní Màmá, kì í dáhùn. "Àǹtí ni mí. Màmá ẹ nìyẹn." Bí ọmọ bá tún pè é, á já a ní èékánná, á wá lọ fi ẹní bojú sunkún. Ó ń rò ó pé tí àwọn bá ṣáà ti gúnlẹ̀, ilé kan náà làwọn máa jọ wà.

Áà! Wọ́n gúnlẹ̀ sí Hobart, èbúté erékùṣù wa, àgbẹ̀ kan tó ń wá ìránṣẹ́ sì wọnú ọkọ̀. Ó tẹ Keziah lápá wò bí ẹni tó ń ra àgùntàn. "Èyí lágbára, kò sì lọ́mọ lọ́wọ́. Mo mú un." Norah tó ń fọ́mọ lọ́mú, ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ní kó lọ.

Norah di ọwọ́ Keziah mú. "Sọ fún wọn, Keziah. Sọ ọ́!"

"Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ṣáà máa fún un lọ́mú."

Ó gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àgbẹ̀ náà. Lórí èjìká Norah, ọmọ na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú.

"Ó dàbọ̀, Àǹtí!"

Ọmọ náà ò ṣì í pè mọ́. Keziah di etí kẹ̀kẹ́ mú gírígírí.

"Ó dàbọ̀, Ellen."