Omi Ló Dànù

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Elétí-ehoro, torí pé láàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kì í kúrò létí rẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe. Àwọn olùwádìí láti òkè òkun á gba ohùn àwọn abiyamọ tí wọ́n pàdánù ọmọ sílẹ̀, òun á sì sọ ọ́ di èdè tí wọ́n gbọ́. Ẹkún tó ti gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá kí i nílé, orí ló ń mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, àjèjì oníwà pẹ̀lẹ́ kan, na ìwé sí i.

"Abiyamọ aránṣọ yìí ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti kà á mọ́ àwọn tí kò rómi lò nílé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, àmọ́ àárẹ̀ ò jẹ́ kó rín in. "Rárá o, ọ̀gá. Ọmọ lomi, ìyá lagbè. Ọmọ lọ, ìyá ò bá a lọ. Ó ń dúpẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni."

Ọ̀gá kọ "ọpẹ́" síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Elétí-ehoro ò lélẹ̀. Ó tún ohùn náà gbọ́. Bí aránṣọ ṣe wí tán, ó pòṣé. Ta ló ń pòṣé sọ́pẹ́? Ó bẹ ọ̀gá kí àwọn padà lọ bá a.

Wọ́n bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ọ̀rọ̀ agbè tẹ́ ẹ sọ níjọ́sí, ṣé ọpẹ́ lẹ fi ń dá?"

Aránṣọ yọ òwú lẹ́nu. "Ọpẹ́ kẹ̀? Ohun táwọn èèyàn ń wí fún mi nìyẹn. Ìyá ọkọ mi, nọ́ọ̀sì, ará ilé. Kò sẹ́ni tó yẹ agbè wò bóyá ó ti sán." Ó tẹjú mọ́ aṣọ rẹ̀. "Ó sì ti sán, àbúrò mi."

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá ń bi í. Elétí-ehoro fa ìwé yọ. Àṣìṣe ọ̀gá yé e. Tirẹ̀ ló wá ń dùn ún.

Ó kọ ọ́ títí ó fi kún ojú ewé kan, níbi tí ìlà kan ì bá ti tó. Ọ̀gá kà á, ó pa "ọpẹ́" rẹ́, kò sì rí ohun tó máa fi dípò rẹ̀.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ fẹ́ dápàárá. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì fàga sún mọ́ ọn.

"Sọ ọ́ fún mi."

"Ó dọ̀la," ló wí. Orí àga níbẹ̀ loorun gbé e lọ.