Ohùn Ọkùnrin Lẹ́nu Ìyá Àdùkẹ́

Ní àsìkò tí àwọn ológun ń ṣàkóso, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ wa, tí a fẹ́ tí a kọ̀ tí gbogbo wa ń pe ara wa ní "kámárádì", olùkọ́ ni mí ní Ṣábẹ, ìlú Yorùbá kan ní àríwá Kútọnu. Láti Pọ̀bẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi wá. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, kì í ṣe èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ o, èyí tí a ń fi ilẹ̀kùn títì ṣe ìpàdé rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ń bá yín lọ wo fíìmù. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ìjọba gba ilẹ̀ iṣu àwọn ará Kàbúà, abúlé kan lágbègbè Ṣábẹ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi dá oko kajú fún gbogbo ìlú. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà ni wọ́n tún ní kó máa wá ro ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọkùnrin ń kùn sínú. Àwọn obìnrin ò lè pa á mọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá sí Ṣábẹ, wọ́n jókòó sójú irin, ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Kútọnu ò sì ríbi kọjá.

Ìyá Àdùkẹ́ ló ṣáájú wọn. Opó ni, àgbẹ̀ ni. Kò ga, ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn òkè á gbọ́. Àwa olùkọ́ mélòó kan lọ bá wọn jókòó.

Nínú ọkọ̀ tó dúró yẹn ni Kọ́jó wà, ọkùnrin Kútọnu kan tó ń ya fíìmù. Kì í ya fíìmù eré, ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń yà. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń túmọ̀ fún un.

"Màmá," ni mo bá a béèrè, "kí lẹ fẹ́ kí ayé gbọ́?"

Ìyá Àdùkẹ́ kọjú sí kámẹ́rà. "Bá mi sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ tí a sin ọkọ mi sí ni wọ́n gbin kajú lé. Wọ́n ní ìlú ti yí padà. Ìyípadà tí kì í jẹ́ kí opó jẹ iṣu oko rẹ̀, ta ló bẹ̀ wọ́n?"

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, omijé lé ròrò lójú Kọ́jó. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí á dé gbogbo ayé."

Kò pẹ́ tí àwọn sójà fi dé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìdí ìbọn ni wọ́n fi lé wa. Wọ́n fọ́ orúnkún Ìyá Àdùkẹ́, ọ̀pá ló sì fi ń rìn títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n Kọ́jó rí fíìmù rẹ̀ gbé lọ, ìyẹn sì tù wá nínú. À ń sọ fún ara wa pé wọ́n lè lù wá, wọn ò lè lu àwòrán.

Nígbà tó yá, rédíò kéde pé fíìmù tí wọ́n yà nípa àwọn obìnrin Kàbúà ti gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún fíìmù ńlá kan nílẹ̀ òkèèrè. A yọ̀. Ìyá Àdùkẹ́ jó tọ̀pátọ̀pá. Ó yẹ ká ti fura: ìgbà wo ni rédíò ìjọba bá wa yọ̀ rí?

Wọ́n gbé fíìmù náà wá sí Ṣábẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n sì na aṣọ funfun kan sára ògiri tí a ó máa wò. Olórí àgbègbè tí ìjọba yàn jókòó níwájú, Kọ́jó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù tuntun. Nítorí pé Faransé ni fíìmù náà ń sọ, wọ́n ní kí n dìde máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará Kàbúà.

A rí ojú irin. A rí àwọn obìnrin. A ò rí sójà kankan. Ojú Ìyá Àdùkẹ́ yọ, ó kún aṣọ funfun náà, ó la ẹnu. Ohùn ọkùnrin ló jáde, ní Faransé.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà pè mí láti ìjókòó rẹ̀, "kí ló ní mo wí?"

Olórí àgbègbè wò mí. "Túmọ̀ fún wọn, kámárádì."

Mo túmọ̀. "Wọ́n ní ẹ sọ pé tayọ̀tayọ̀ lẹ fi ilẹ̀ yín fún ìjọba, pé ẹ wá pàdé ọkọ̀ láti fi ọpẹ́ hàn." Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ohun tí ẹ sọ gan-an nìyí," mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ sókè.

Gbọ̀ngàn dàrú. Ìyá Àdùkẹ́ tẹ̀pá dé iwájú Kọ́jó. "Ta ló ni ohùn yẹn?"

Mo túmọ̀ ìbéèrè náà. Kọ́jó ò gbójú sókè. "Bí mi ò bá gbà fún wọn, wọn ì bá ti jó fíìmù náà. Ó kéré tán, ayé ti rí ojú wọn."

Mo sọ ọ́ fún un. Ó dáhùn pé, "Ojú kọ́ ni mo rán ọ. Ọ̀rọ̀ ni mo rán ọ."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ olórí àgbègbè ò jẹ́ kí n túmọ̀ èyí fún Kọ́jó. Wọ́n ti dì mí mú. Ẹ̀wọ̀n kan lókè Pàràkú ni wọ́n gbé mi lọ, mi ò sì fojú kan Ṣábẹ mọ́ títí ìjọba náà fi wó.

Ṣé a jèrè? Oko kajú náà di igbó, torí kò sẹ́ni tó lọ ro ó mọ́, àwọn ará Kàbúà sì padà sórí ilẹ̀ wọn láìgbàṣẹ. Èyí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nínú àwọn olùkọ́ tí a jọ jókòó sójú irin, àwọn kan ò bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n, kò sì sẹ́ni tó bẹ ìyàwó wọn. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò tíì rí ọjọ́ náà. Wọ́n ṣì ń ṣàfihàn fíìmù yẹn níbi àwọn àjọ̀dún ńláńlá, àwọn èèyàn ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún un, Kọ́jó sì wà lára àwọn tó ń pín ẹ̀bùn níbẹ̀ báyìí.

Nígbà tí Ìyá Àdùkẹ́ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá fọ́tò rẹ̀ tì. Kò yà á rí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Kútọnu lọ wo fíìmù náà, kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wá bá mi. "Bàbá, báwo ni ohùn màmá wa ṣe rí gan-an?"

Mo ní ó le, ó sì máa ń lọ jìnnà. Kò tún sí ohun tí mo lè fún wọn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó gbé ohùn náà lọ ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bi í.