Ewé Kì í Yó

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ẹja sísìn kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kan gíláàsì àpótí ẹja rẹ̀. Àwọn ẹja dískọ́ọ̀sì, pẹlẹbẹ bí àwo, á yíjú sí i, ọ̀gá á sì rẹ́rìn-ín. "Ewé inú omi kì í yó, àbúrò. Máa da ajílẹ̀ sí i, kó o jẹ́ kí iná máa tàn tọ̀sán-tòru."

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nínú àpótí gíláàsì tí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ní kí n máa tọ́jú. Èérí aláwọ̀ ewé bo omi, ẹja sì kú tán. Ọ̀gá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní Ọlọ́run á dá a padà. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ pé òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Mo wá a lọ sílé rẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Kò sí nílé. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ó ti pa iná àpótí tirẹ̀, ó da aṣọ bò ó. Mo bi ìyàwó rẹ̀ bóyá iná ló bàjẹ́.

"Rárá o. Dádì ní tí iná bá pẹ́ jù, tí ajílẹ̀ sì pọ̀, ẹja á kú. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ni?"

Mo ní, "Wọ́n kọ́ mi, mà."