Òkè Tí Àǹtí Sìdí Fi Ránṣẹ́ Sílé

Òórùn irú ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn. Kí ìmọ́lẹ̀ tó wọ yàrá, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, á ti ṣí igbá irú tó ti sùn mọ́jú lábẹ́ ewé àti àpò ìdọ̀họ, òórùn náà á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa lórí ẹní. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń gbé ní Òkè Bọ́lá máa ń di imú tí wọ́n bá yà sílé wa. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń di imú sí. Lójú tèmi, bí ilé ṣe ń rùn nìyẹn.

Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò àkọ́kọ́ dé ọwọ́ wa. Ó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Màpó, ti gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àná, àmọ́ ó pa á mọ́ di àárọ̀ kí gbogbo ilé lè pé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sìdíkátù, tí èmi ń pè ní Àǹtí Sìdí, ló fi í ránṣẹ́ láti Skọ́tílándì, níbi tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tó kù fún Ìyá Àgbà láyé.

Fọ́tò dúdú àti funfun la mọ̀ nígbà náà. Aláwọ̀ mèremère lèyí. Òkè ńlá kan ló wà níbẹ̀, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì ká sókè bíi ti ẹni tí òtútù ń mú. Igi kún ẹsẹ̀ òkè náà bí ẹni pé wọ́n gbìn wọ́n mọ́ra, ewé wọn sì ti kúrò ní tútù. Òmíràn pọ́n bí epo, òmíràn pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó gbó, òmíràn sì dà bí páànù tó ti dógùn-ún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà á, ó ní, "Iná ti ràn mọ́ igbó wọn."

"Kì í ṣe iná," bàbá mi dá a lóhùn. "Ìgbà ìwọ́wé ni. Bí òtútù wọn bá ti ń bọ̀, ewé á kọ́kọ́ pọ́n kó tó já."

Mo rántí igi furúùtù tó wà nílé ìwé wa, bí ewé rẹ̀ ṣe máa ń pọ́n tí ọyẹ́ bá dé, mo sì gbìyànjú láti fojú inú wo igi furúùtù tó kún gbogbo ilẹ̀ láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ dé Òjé. Fọ́tò ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Alájì tó wà ní ojúlé kejì gbé e súnmọ́ ojú, ó ní òun náà ti rí òkè nígbà tí òun lọ sí Mẹ́kà, àmọ́ àwọn òkè ibẹ̀ kò ní ewé kankan lórí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó pa òwe tó fẹ́ràn jù lọ: "Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́."

Ìyá Àgbà ló gbà á kẹ́yìn. Ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ irú, ó nu ọwọ́ náà sára ìró títí tó fi gbẹ. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Òun náà dà?"

"Òun ló yà á, Ìyá. Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú rẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó lè bá a yà á níbẹ̀?"

Bàbá mi ní bóyá nígbà mìíràn. Ìyá Àgbà dá fọ́tò padà fún un, ó gbé igbá rẹ̀, ó sì gba ọjà lọ.

Èmi ni mo wá di alágbàtà òkè náà. Bàbá mi gbà mí láyè kí n máa mú un jáde, kìkì pé kí n fi bébà wé e, kí ọmọ ọlọ́mọ má sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo mú un lọ sílé ìwé, tíṣà wa gbé e sí iwájú pátákó, ó sì fi kọ́ wa ní jọ́gíráfì. Mo mú un lọ sí ilé kéwú. Mo mú un dé Ọjà'ba, ní ìsọ̀ àwọn aláṣọ, níbi tí obìnrin kan ti ní òun á fẹ́ kí wọ́n bá òun pa aṣọ láró bí àwọ̀ igi tó wà láàárín yẹn gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, mo máa ń sọ pé àràárọ̀ ni àǹtí mi ń gun òkè náà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó kàn wù mí kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òmíràn dé, gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Òjò dídì ti bo òkè. Nígbà tó tún yá, òmíràn dé tí gbogbo igi tutù yọ̀yọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ni ilé máa ń pé, gbogbo ìgbà náà ni Ìyá Àgbà máa ń béèrè pé òun náà dà, tí bàbá mi á sì sọ pé ó ń rìn kiri ni, ó ń wo ìlú, àwọn ọmọ ilé ìwé tọ̀hún kì í jókòó sójú kan.

Àmọ́ ẹnu ò ṣe é dí. Àwọn kan nínú ilé ní òyìnbó ló fẹ́ níkọ̀kọ̀, kò fẹ́ kí wọ́n rí ikùn òun. Obìnrin kan tí kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ògiri sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ náà ti kú, kó wá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń fi òkè àti igi tan ìyá rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn dé etí Ìyá Àgbà, nítorí láàárín ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ tán. Ìyá mi á gbé àwo rẹ̀ wọlé, á fi han bàbá mi, bàbá mi á sì mójú kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a wà nínú họlidé, mo tẹ́ gbogbo fọ́tò náà sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n lè fi han ọ̀rẹ́ mi kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò wa. Ọ̀rẹ́ mi lọ tán, mo ṣì ń wò wọ́n. Bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo pè é.

"Bàbá, ṣé Àǹtí Sìdí kì í kúrò lójú kan ni?"

"Kí ló dé?"

"Igi kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ wo èyí tó pín sí méjì yìí. Ẹ wo ògiri olókùúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó pọ́n ó wà níbẹ̀, nígbà tó funfun ó wà níbẹ̀. Ẹ sì ní ó ń rìn kiri."

"Àṣàkẹ́, kó wọn nílẹ̀."

Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìbínú. Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ti ń kó wọn jọ nígbà tí Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, níbi tó jókòó sí.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ràímì, wá jókòó tì mí."

Bàbá mi fọwọ́, ó lọ jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ bí ọmọdé. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ikọ́ ife ló mú Àǹtí Sìdí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ti ọ̀hún dé ló kọ́kọ́ ta á lólobó, nígbà tí bàbá mi sì kọ̀wé bi Àǹtí Sìdí fúnra rẹ̀, kò jiyàn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lórí ilẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ibùsùn àwọn aláìsàn síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Aláìsàn kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ní kámẹ́rà, ó ń yá a lò. Ibi tí Àǹtí Sìdí dùbúlẹ̀ sí ló ti ń ya ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í dárúkọ ikọ́ ife sókè. Ilé tó bá wọ̀, wọn a máa ya abọ́ onítọ̀hún sọ́tọ̀. Bàbá mi sáré fi kún un pé wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ báyìí, pé kì í pani bíi ti àtijọ́ mọ́.

"O ti mọ̀ tipẹ́?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní lè jẹun."

"Ǹjẹ́ mo ń jẹun?"

Bàbá mi dorí kodò. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì fi í síbẹ̀ títí. Mo rò pé yóò sunkún, kò sunkún. Ní ọjọ́ kejì, kò lọ sọ́jà. Ó wẹ̀, ó mú ìró òfì tó ń fi ṣọdún jáde, ó sì sọ fún bàbá mi pé òun fẹ́ ya fọ́tò.

Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ya fọ́tò. Bí olùyàwòrán bá wọlé lọ́jọ́ Iléyá, inú yàrá ló máa ń wọ̀ lọ. Ó ní ojú òun kì í ṣe nǹkan tí ẹlòmíràn ń fi sápò rìn. Bàbá mi mú un lọ sí ilé fọ́tò kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Olùyàwòrán ta aṣọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn àga, wọ́n ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti òdòdó sí i lára.

"Ilé ta nìyẹn?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Aṣọ lásán ni, Ìyá. Kó lè dùn ún wò ni."

"Ọmọ mi ò mọ ibẹ̀. Ibi tó mọ̀ ni kó o ti yà mí."

Bí a ṣe gun òkè Màpó nìyẹn, olùyàwòrán gbé kámẹ́rà àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró léjìká, ó ń mí gúlegúle. Ìyá Àgbà dúró níbi tí òrùlé Ìbàdàn ti tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, páànù lórí páànù, gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún. Ó fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí irun iwájú rẹ̀ lè hàn. Irun náà ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ìyá, ẹ bò ó, yóò hàn nínú fọ́tò," bàbá mi wí.

"Kó hàn. Bí mo bá fi ara mi pa mọ́ fún un, kí ni mo fẹ́ ní kó fi hàn mí?" Ó nawọ́ sí mi. "Àṣàkẹ́, ìwọ tí ojú rẹ rí i, wá dúró tì mí."

Olùyàwòrán ní kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ òun mọ òun. Ó kọjú sí kámẹ́rà bí ẹni tó ń wo èèyàn gidi.

A fi í ránṣẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró, a ò gbọ́ nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Nígbà tí èsì dé, fọ́tò kan ṣoṣo ni. Ewé ibẹ̀ tún ti pọ́n. Àǹtí Sìdí jókòó lórí àga lábẹ́ igi náà, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e dé àyà, egungun ọrùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Ǹ bá má dá a mọ̀ bí kì í bá ṣe ilà ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ìka lé ojú náà.

"Ó ti gbẹ," ó wí. Ó tún wò ó. "Ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Òun nìkan ni fọ́tò tí kò jẹ́ kí ó yí agboolé ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó sì ní kí ìyá mi bu ọbẹ̀ kún un.

Àǹtí Sìdí yè é. Ó padà wálé lẹ́yìn òmìnira, ó sì ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gun Màpó mọ́ láìdúró mí lọ́nà. Lọ́jọ́ tó dé, ó kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà sì fa ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó. "O sanra díẹ̀," gbogbo ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Àǹtí Sìdí sọ fún mi nígbà tó yá pé nígbà tí fọ́tò wa dé ọ̀dọ̀ òun, òun ti ń kọ oúnjẹ sílẹ̀. Àwọn aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù gba fọ́tò náà lọ́wọ́ ara wọn, láti ibùsùn dé ibùsùn. Wọ́n ní òkè yẹn mà dára, kí ni àwọn nǹkan tó pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé ilé wa ni."

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́, Àǹtí Sìdí náà ti tẹ̀ lé e. Èmi gan-an ti di ìyá àgbà. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ, mo ṣe é, mi ò sì sọ fún ọmọbìnrin mi tó wà ní Kánádà. Tó bá pè tó ní kí n ṣí fídíò, mo máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Mo ń fi àwòrán òdòdó tó wà níwájú ilé mi ránṣẹ́ sí i, ó ń sọ pé wọ́n rẹwà. Mo ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n àgbà. Ọmọ kékeré tó tẹ́ fọ́tò sórí ẹní lọ́jọ́ náà kò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ẹnu rẹ̀ sọ, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ onílàákàyè, kò nà án.

Ọmọ mi tún pè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mi ò tíì wẹ̀, mi ò tíì wé gèlè, ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ṣì ń dùn mí. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n rí yín." Mo fẹ́ sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì dé ẹnu mi. Mo ṣí fídíò. Ó wò mí. Èmi náà ò mójú kúrò.